Renzo Piano: Láti Paris Dé Entebbe

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, afárá Morandi já lulẹ̀ nílùú Genoa, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Èèyàn 43 ló bá a lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ afárá tuntun délẹ̀, ọmọ bíbí ìlú náà, Renzo Piano, tó jẹ́ ayàwòrán ilé, ya àwòrán rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i.

Ọdún 1937 ni wọ́n bí Piano; agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ ni bàbá rẹ̀. Piano àti Richard Rogers ló ya ilé iṣẹ́ ọnà Centre Pompidou ní Paris, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977. Páìpù omi, páìpù atẹ́gùn, títí kan àtẹ̀gùn tó ń gbéni gòkè, ìta gbangba ni gbogbo wọn wà, bí ẹni tó wọ dàńṣíkí sódì. Wọ́n bú u nígbà náà! Àmọ́ Piano gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, lọ́dún 1998. Ilé gogoro Shard ní London, tó ga ju mítà 300 lọ, iṣẹ́ rẹ̀ náà ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù lọ kò ga rárá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fáwọn ọmọdé ni, ní Entebbe, Uganda, tí ó yà fún àjọ Emergency. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ náà ni wọ́n kì mọ́lẹ̀ dáadáa, tó di ògiri. Ògiri ọ̀hún nípọn, inú ilé sì tutù, gẹ́gẹ́ bí ilé amọ̀ àwọn bàbá wa. Páńẹ́ẹ̀lì iná oòrùn ló bo òrùlé.