Irúgbìn tòmátì ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ parẹ́ lẹ́yìnkùlé

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ wá sí ìhà Gúúsù dúró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, tòmátì di ohun àwátì, owó rẹ̀ sì fò sókè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹta, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbé. Ohun tí kò yẹ ní gbígbàgbé ni pé ìkòkò ọbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti gbára lé ọkọ̀ tí ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Kì í ṣe pé kò sí tòmátì nílẹ̀ Yorùbá rí. Tòmátì ìbílẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní tòmátì Yorùbá, a máa hù lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ààtàn àti láàárín iṣu lóko. Ó rí pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà bíi ti elégédé, omi inú rẹ̀ pọ̀, ó sì kan díẹ̀. Lóòótọ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tòmátì ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí òjò àti ọ̀rinrin ilẹ̀ yìí fi bá a lára mu. Ẹnikẹ́ni kì í ra irúgbìn rẹ̀. Ẹni tó jẹ èso ọdún yìí ni ń tọ́jú kóró rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Àṣà yìí ló ń kú lọ. Ọ̀pọ̀ onílé ti da sìmẹ́ńtì bo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó ṣì ní ilẹ̀ díẹ̀ a máa sáré lọ ra irúgbìn inú agolo àti ọ̀rá, èyí tí wọ́n kọ F1 sí lára. Irúgbìn F1 jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá tí ìran wọn yàtọ̀ síra. Èso rẹ̀ dára, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbin kóró inú èso náà, ohun tí yóò hù kò ní bára mu: òmíràn yóò tóbi, òmíràn yóò kéré, òmíràn kò ní jọ ìyá rẹ̀ rárá. Nítorí náà, àfi kí onílé tún padà sí ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú irúgbìn wọ̀nyí ti ń wá. Ti ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òdòdó kan náà ni ó sábà máa ń gbà gbọ́mọ, ìdí nìyí tí ọmọ fi ń jọ ìyá.

Àwọn kan yóò ní tòmátì ìbílẹ̀ kò wúlò mọ́, pé kóró rẹ̀ pọ̀ jù, ó tètè ń rà, òjò sì máa ń là á lára. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kó ọgọ́rùn-ún apẹ̀rẹ̀ lọ sí ọjà òkèèrè kò jẹ̀bi bó bá gbin F1. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń já tòmátì láti ẹ̀yìnkùlé bọ́ sínú ìkòkò, kí ló kàn án pẹ̀lú ìrìn àjò?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde ìlú ò fararọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kòkòrò yìí kò ní ṣàánú tòmátì ìbílẹ̀ o. Síbẹ̀, bí ibi kan ṣoṣo bá ń bọ́ gbogbo ènìyàn, àjálù ibẹ̀ kò ní yọ ilé kankan sílẹ̀. Ìdí tòmátì márùn-ún lẹ́yìnkùlé kò lè rọ́pò ọjà, ṣùgbọ́n ó lè ran ìdílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọ̀wọ́n.

Títọ́jú irúgbìn kò le. Kí onílé yan èso tó pọ́n dáadáa lára igi tí ara rẹ̀ le jù. Kí ó fún kóró àti omi rẹ̀ sínú ife, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi hó, kí ó fi asẹ́ fọ̀ ọ́ kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, kí ó sì sá a lórí àwo níbi tí oòrùn kò ti ní pa á jù. Bó bá gbẹ tán, kí ó dé e mọ́ inú ìgò, kí ó kọ ọdún sí i. Bí ibẹ̀ bá gbẹ tó sì tutù, ó lè hù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Ìbàdàn ni iléeṣẹ́ ìwádìí NIHORT wà láti ọdún 1975, ibẹ̀ náà sì ni NACGRAB ti ń tọ́jú oríṣiríṣi irúgbìn sínú yàrá òtútù. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n irúgbìn inú òtútù kò mọ òjò ọdún yìí. Ó yẹ kí wọ́n máa pín tòmátì ìbílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ìdílé, nítorí kò sí oníṣòwò tí yóò jèrè lórí irúgbìn tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Àwọn ìyá àgbà tó mọ tòmátì agboolé wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń lọ sílé lọ́dún yìí, kí ó béèrè kóró rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.