Ẹ Fi Ajá Yín Sílẹ̀ Nílé

Mo ní ajá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wà lára àwọn tó kórìíra ajá. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀, ajá ilé wa yìí náà ni, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan ti fàya níbi ìjà tí kò kàn án. Tí mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di aago méjì òru, abẹ́ tábìlì ló máa ń sùn sí. Síbẹ̀, Tanímọ̀la kò ní fẹsẹ̀ tẹ inú Old Oyo National Park láéláé. Tiyín náà kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì gbéra láti Ṣakí lọ wo ọgbà ẹranko kan tí n kò ní dárúkọ. A ṣì ń sanwó ní géètì nígbà tí bàbá kan gun ọ̀kadà dé, ajá rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá, ẹ dá ajá yẹn padà." Bàbá ní òun ò wá ṣọdẹ, òun kàn fẹ́ rí ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ibẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá. Ó yí ọ̀kadà padà. Kò pé ogún ìṣẹ́jú sí i, jíìpù kan dé, ajá funfun kékeré kan yọrí lójú fèrèsé, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí. "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá!" Géètì ṣí gbayawu.

Software ni mo ń kọ jẹun. Tí mo bá kọ kóòdù tó ní kí ajá má wọlé àyàfi tó bá wá nínú jíìpù, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ní kí n máa lọ sílé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kí bàbá náà wọlé. Mi ò gbà. Ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá ló tọ̀nà, ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀gá ni kò tọ̀nà.

Mo mọ̀ ohun tí ẹni tó ni ajá funfun máa sọ: "Ajá mi ò lè pa eèrà." Ó dáa. Ta ló sọ fún ẹtu? Láti ìgbà táwọn baba wa ti ń ṣọdẹ nílẹ̀ Òkè-Ògùn, ajá ló ń ṣáájú ìbọn. Àgbọ̀nrín tó bá gbọ́ òórùn ajá ò ní dúró béèrè bóyá ajá ọdẹ ni tàbí ajá Instagram. Á fi koríko tó ń jẹ sílẹ̀, á fi ọmọ sílẹ̀, á sá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ti gbẹ, tó jẹ́ pé ibi tí omi kù sí ò pọ̀, eré tí ẹ lé e sá yẹn lè jẹ́ ikú fún un.

Ẹ tún máa ní ẹ so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ méjì kan ṣe ìwádìí lórí èyí nítòsí Sydney, lórílẹ̀-èdè Australia, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2007. Okùn ni wọ́n fi mú àwọn ajá yẹn rìn lójú ọ̀nà inú igbó. Síbẹ̀, oríṣi ẹyẹ tí wọ́n rí dín ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún, iye ẹyẹ fúnra wọn dín ní 41. Nígbà tí èèyàn nìkan rìn kọjá láìsí ajá, ó dín, ṣùgbọ́n kò dín tó bẹ́ẹ̀. Ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà, níbi táwọn èèyàn ti ń ṣe ọjọ́ ìbí fún ajá, ajá ò gbọdọ̀ dé ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó, okùn wà lọ́rùn rẹ̀ o, kò sí. Ìtòsí títì ọkọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ibi ìpàgọ́ ni ó mọ. Ṣé a wá fẹ́ràn ajá jù wọ́n lọ ni?

Àrùn tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 1994, àrùn distemper pa bí ìdá mẹ́ta kan àwọn kìnnìún Serengeti ní Tanzania, tó tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ara ajá àwọn abúlé tó yí ọgbà náà ká ni wọ́n gbà pé àrùn yẹn ti wá. Torí náà, àwọn tó ń ṣọ́ Old Oyo ò lè máa lé ajá ní géètì kí wọ́n sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, kò sì sí ògiri yí i ká. Ajá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ajá Tẹdé àti ajá Igbòho ò mọ ibi tí ààlà wà.

Ibí ni mo ti ń bá ìjọba jà. Ẹ gún àwọn ajá abúlé wọ̀nyẹn lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́dọọdún. Dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 èèyàn lágbàáyé lọ́dún kan, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló wà nínú àwọn tó ń kú, ajá ló sì ń kó o ràn wọ́n. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ sára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Àjọ ìlera àgbáyé ní tí a bá gún 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá tó wà ní ibì kan lábẹ́rẹ́, àrùn náà ò ní rọ́nà tàn kálẹ̀. Ẹ ò lè ní kí bàbá ọlọ́kadà padà sílé nítorí ẹtu, kí ẹ má sì ṣe nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òfin yẹn sí géètì ní Yorùbá, lẹ́tà gàdàgbà: AJÁ Ò GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Kò sí "àyàfi". Òfin tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ṣọ́ nìkan ló wà máa ń yí padà bí ọkọ̀ tó dé bá ṣe tóbi tó.

Tó bá jẹ́ òkè Adó-Àwáyè ní ìtòsí Ìsẹ́yìn lẹ fẹ́ gùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, kò rí bí ìgbẹ́ tí ẹfọ̀n ń gbé. Ẹ mú ajá yín dání pẹ̀lú okùn kúkúrú, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ má sì jẹ́ kó wọ inú adágún orí òkè yẹn, torí àwọn kan ń bọ ibẹ̀. Àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀ o. Tanímọ̀la gùn ún títí dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, ó jókòó, ó ń wò mí. Èmi ni mo gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ní oṣù tó ń bọ̀, mo tún ń lọ sí Old Oyo. Aládùúgbò mi ló máa bá mi tọ́jú Tanímọ̀la. Tí mo bá rí jíìpù kan tí ajá wà nínú rẹ̀ ní géètì, mi ò ní dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.