Ọmọ Tí Ń Fi Pákó Kọ́lé Kò Fi Àkókò Ṣòfò

Ní ìlú Bìní, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣe àtìpó, ohun tí òbí máa ń kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ó bá fẹ́ fi ọmọ ọdún mẹ́ta sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni bóyá wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Bí ó bá bá àwọn ọmọ lórí ẹní, tí wọ́n ń to pákó lé ara wọn, ojú rẹ̀ á fà ro. Lójú tirẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣègbé nìyẹn, nítorí pé eré kì í gba ìwé-ẹ̀rí. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwọn ọmọ lára.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún kíkọ́ ilé àti kíkọ́ ọmọ. Àwọn àgbà sì so méjèèjì pọ̀ nínú òwe, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé rárá ni ọmọdé ti ń fi yanrìn tútù bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ gbá a le, tí yóò sì fa ẹsẹ̀ yọ jẹ́jẹ́ kí ilé má bàa wó. Ó ń fi pòròpórò ṣe ọkọ̀. Ó ń fi agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò tí ó ń fi okùn wọ́ kiri àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó dúró tì í láti pàṣẹ ohun tí yóò ṣe. Àwọn Edo tí ó gbà wá lálejò pẹ̀lú mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé Ogiamien, tí a fi amọ̀ pupa mọ, tí iná ọdún 1897 kò sì jó, ṣì wà ní Bìní títí di òní. Ní òpópónà Igun, láti kékeré ni ọmọ àwọn tí ń rọ idẹ ti ń wo bí baba rẹ̀ ṣe ń fi amọ̀ àti ìda ṣe ère kí ó tó da idẹ sí i. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn òyìnbó tí ó jinlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé kò rò ó yàtọ̀. Friedrich Froebel, ará Jámánì, ni ó sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé ní ọdún 1840. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fi lé wọn lọ́wọ́ ni igi onígun mẹ́rin tí a gé sí ọ̀nà 8 ọgbọọgba, kí ọmọ lè tú u, kí ó sì tún un tò bí ó ti wù ú. Ní Denmark, káfíńtà kan tí ń jẹ́ Ole Kirk Christiansen bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Lego ní 1932, pákó ni ó sì kọ́kọ́ fi ń ṣe ohun ìṣeré. Ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ náà gba ìwé-àṣẹ fún bíríkì oníke rẹ̀ tí ń há mọ́ ara wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti kà á pé bíríkì 6 péré, tí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kókó 8, ṣeé tò pọ̀ ní ọ̀nà tí ó lé ní 915 mílíọ̀nù.

Ẹ wá fi èyí wé tẹlifóònù oníbátìrì tí òbí ń rà ní àkókò Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, ó kọrin; ó tún tẹ̀ ẹ́, orin kan náà ni. Ohun ìṣeré náà ni ó ń ṣeré, ọmọ kàn ń wòran ni. Bí bátìrì bá kú, eré tán. Ṣùgbọ́n pákó tí ó jẹ́ ilé lónìí, afárá ni lọ́la, ọkọ̀ akẹ́rù ni lọ́túnla. Bí ó bá sì wó, ọmọ yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ó fẹ̀, àti pé pákó kékeré méjì dọ́gba pẹ̀lú ńlá kan. Ìṣirò nìyẹn. Sùúrù sì ni títún un tò pẹ̀lú.

Àǹfààní mìíràn wà fún ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Bìní ń gbọ́ Edo ní àdúgbò, ó ń gbọ́ pijin ní ọjà, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́. Níbo ni yóò ti gbọ́ Yorùbá bí kò ṣe nílé? Òbí tí ó bá jókòó ti ọmọ nídìí eré ìkọ́lé yóò rí i bí ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde: ìpìlẹ̀, òpó, ògiri, igun, fèrèsé, àjà, òrùlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga, ó kúrú, ó tẹ̀, ó dọ́gba. Ọmọ kò níí há wọn sórí. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ wọ́n. Eré yìí kò sì pín ọmọ Yorùbá níyà kúrò lára ọmọ Edo tàbí ọmọ Urhobo tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan. Ìgbà tí wọn kò tíì gbọ́ èdè ara wọn ni wọ́n ti ń jọ kọ́lé.

Àwọn kan yóò wí pé owó ohun ìṣeré òkè-òkun wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Bìní kì í ṣe ìlú tí igi ti wọ́n. Àgékù pákó tí káfíńtà ń dá sínú iná tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ó gé e ní ínǹṣì 2, 4 àti 8, kí ìwọ̀n wọn lè bá ara mu. Kí ó fi sáńpépà dán an títí tí kò fi ní ẹ̀gún mọ́. Kí a yẹra fún pákó tí a ti fi oògùn ikán kùn, nítorí ẹnu ni ọmọdé ń kó nǹkan sí, kí a má sì ṣe fi èyí tí ó kéré tó ohun tí ọmọ lè gbé mì sí àárín wọn.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977, ka fífi ohun ìṣeré ṣeré mọ́ iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré. Ó yẹ kí àwọn tí ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò máa béèrè ibi tí pákó ìṣeré wà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń béèrè ìwé orúkọ.

Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ má mọ ìwé. Ìwé yóò dé ní àkókò rẹ̀, yóò sì bá ọpọlọ tí ó ti jí pàdé. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, nígbà tí ilé pákó ọmọ yín bá wó, ẹ má ṣe yára bá a tún un tò. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó mú un wó, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀.