Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ẹja Padà Sómi

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ìgbà ìwọ́wé ló dé. Ewé igi ń pọ́n, ó ń já bọ́, òtútù ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn kan nínú wọn máa ń gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ sétí òkun, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Ẹja tí wọ́n ń wá lọ ni striped bass. Ọ̀rọ̀ ẹja yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nílé olórìṣà kan.

Ẹja náà kọlà. Ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fà gbọọrọ láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, àfi bí ẹni tí wọ́n bu àbàjà fún. Inú òkun ló ń gbé, ṣùgbọ́n odò tí kò níyọ̀ ló ti ń yé ẹyin, bíi odò Hudson ní New York àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú ọ̀sà Chesapeake. Tí òtútù ọdún bá ti lọ, á wọ odò lọ yé ẹyin. Tí oòrùn bá mú, ó ti lọ sókè lọ́hùn-ún, ní Massachusetts títí dé Maine. Tí omi bá tún wá ń tutù, á kọrí padà sí gúúsù. Ẹja kéékèèké kan tó ń jẹ́ menhaden ló ń lé lọ, á lé wọn gba etíkun Long Island àti New Jersey, nígbà míì títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́ sórí iyanrìn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ òkun tí wọ́n ń já wọ omi lójú kan náà, ẹja ń bẹ lábẹ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó dúró sórí iyanrìn lásán lè ju ìwọ̀ kó bà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi fẹ́ràn oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá.

Ọmọ awo kan tó wà ní New Jersey ló pè mí lórí fóònù. Ó mú ọ̀kan tó gùn ju 40 íǹṣì lọ. Ọdún Yemọja ilé wọn kù díẹ̀, àwọn ará ilé ní kó gbé e wálé wá fi bọ òrìṣà, pé Yemọja ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó kọ̀, ó dá a padà sómi. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ ń bínú, wọ́n ní ó fi òfin òyìnbó kọ ẹ̀bùn òrìṣà. Ó ní, "Bàbá, ṣé mo ṣẹ òrìṣà ni?"

Mo ní kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Láti 2023, òfin etí òkun lọ́hùn-ún ni pé ẹja kan ṣoṣo lẹnì kan lè gbé lọ sílé lóòjọ́, àárín 28 sí 31 íǹṣì ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ rántí rúlà ilé-ìwé: rúlà méjì ààbọ̀ àti íǹṣì kan ni 31. Tó bá kúrú jù, ẹ dá a padà. Tó bá gùn jù, ẹ dá a padà. Odò àti ọ̀sà míì ní òfin tiwọn, òfin sì máa ń yí padà, ẹ yẹ ti ìpínlẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀.

Èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, abo ló pọ̀ jù nínú wọn. Abo kì í tètè yé ẹyin, ọ̀pọ̀ ló ń tó bí ọdún mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni ẹyin rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Abo ńlá kan lè yé ẹyin tó ju mílíọ̀nù kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pa á, odindi agbo ilé ló pa.

Ojú wọn ti rí i rí. Ní 1973, wọ́n ń pa á lọ rẹpẹtẹ. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1984, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin láti dáàbò bò ó. Ní 1985, ìpínlẹ̀ Maryland ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa á mọ́, ó di 1990 kí wọ́n tó ṣí i. Ní 1995, wọ́n kéde pé ó ti bọ̀ sípò. Àmọ́ ní 2019, àwọn onímọ̀ tún figbe ta pé pípa rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láti 1954 ni Maryland ti ń fi àwọ̀n ka ọmọ ẹja yìí lọ́dọọdún. Láti 2019, èyí tí wọ́n ń rí ò tó ti àtẹ̀yìnwá. Ọmọ ò tó nǹkan, ṣé ìyá la ó wá máa pa?

Kí ni Yemọja? Yèyé ọmọ ẹja ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìyá ẹja fún Yèyé ọmọ ẹja, kó tún un rò. Àwa náà sì ní irú òfin yìí. Nínú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, a kì í pẹja níbẹ̀. Oyè ọba ìlú náà, Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja ni. Ó tẹ́wọ́ gbà á ni wọ́n wí o, wọn ò ní ó fi ìwọ̀ fà á. Èèwọ̀ là ń pe tiwa, òfin ni wọ́n ń pe tiwọn. Ohun tí a rúfin kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ ẹ́, kò yẹ lójúbọ. Obì wà, omi tútù wà, ègbo wà. Èyí tó bá bófin mu, ẹ gbé e wálé kẹ́ ẹ sè é, bí èèwọ̀ ilé yín bá gbà á.

Ìyá ìyàwó yẹn náà ò burú, ìfẹ́ òrìṣà ló ń ṣe é. Mo ní kí ọmọ awo náà má fi agídí sọ ọ́, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá, kó ṣàlàyé ní pẹ̀lẹ́.

Dídá a padà náà ní bó ṣe ń rí. Ìṣirò àwọn tó ń ṣètò ẹja ni pé nínú 100 tí wọ́n dá padà, 9 á kú. Tó bá jẹ́ ìdẹ lẹ fi sẹ́nu ìwọ̀, ìwọ̀ róbótó tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú ni òfin wí, torí igun ẹnu ló ń gbé, kì í sábà wọ ikùn. Ẹ fi omi pa ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi àgbọ̀n rẹ̀ gbé e rọ̀ torí fọ́tò, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀. Ẹ tètè dá a padà, kẹ́ ẹ rọra dì í mú nínú omi títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi jù rù lọ.

Kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn ọmọ wà níbẹ̀ kí wọ́n fojú rí i.

Yemọja á pèsè ọmọ fún àwọn tó ń wá ọmọ, á dá ọmọ tó ti wà sí. Omi ò ní gbé wa lọ. Ó tún dìgbà kan ná. Àbọrú àbọyè àbọṣíṣẹ.