Bàálù ogun àtijọ́: Ìwé táwọn èrò ń fọwọ́ sí kò lè dípò àyẹ̀wò

Dọ́là 450 ni owó ìjókòó kan nínú bàálù B-17 tó gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Bradley, ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, ọdún 2019. Èrò mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n ń lọ sí ìlú kan. Wọ́n kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí nínú bàálù tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra.

Kò pẹ́ rárá tí bàálù náà dókè tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Awakọ̀ yí i padà, àmọ́ kò dé ojú ọ̀nà tó yẹ kó bà lé. Ó kọlu òpó iná, ó yà bàrá, ó lọ forí sọ àwọn ọkọ̀ àti ọpọ́n oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín lára bàálù, iná sì sọ. Awakọ̀ méjèèjì àti èrò márùn-ún ló kú.

Ẹni tó bá ní òmùgọ̀ ni àwọn tó sanwó yẹn kò rò ó dáadáa. B-17 tí wọ́n kàn jẹ́ 12,731, àwọn tó ṣì lè fò lára wọn lónìí kò ju ohun téèyàn lè fi ìka ọwọ́ kà lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í jagun ló kú láì sọ ohun tí ojú wọn rí fún ọmọ wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé òun lè jókòó síbi tí bàbá òun jókòó sí, kí òun gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì tí bàbá gbọ́, ta ni yóò ní kó má náwó ẹ̀?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbẹ́yìn. Èèyàn lè san ohun tó lé ní 2,000 pọ́n-ùn níbẹ̀ kí wọ́n tó fi Spitfire oníjòókòó méjì gbé e fò fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Bàálù yìí kan ọmọ Nàìjíríà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ, nítorí owó wà ńbẹ̀ tí àwọn ará ilẹ̀ yìí dá nígbà ogun láti fi ra bàálù fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan, Squadron 91, ní “Nigeria”. Spitfire ni wọ́n fi ń jà, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń já bọ́ǹbù V-1 ti Jámánì lulẹ̀ lójú òfurufú ní 1944. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ dá sísì kan nínú owó yẹn, bó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí tó sì fẹ́ gun Spitfire, kò ṣe ohun tó burú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú rú ni ti àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọkọ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bàálù ogun àtijọ́ kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ èrò. Àjọ FAA tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ló ń fún àwọn tó ni ín ní ìyọ̀ǹda ọ̀tọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Èrò náà ni pé owó èrò ni yóò fi epo sínú ọkọ̀, tí yóò fi tún un ṣe, kí ìtàn má baà parẹ́. Ìyọ̀ǹda náà ní májẹ̀mú tirẹ̀: kí òṣìṣẹ́ gba ẹ̀kọ́, kí ètò ààbò wà lákọsílẹ̀, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé e.

Ohun tí ìwádìí bá lẹ́yìn ìjàǹbá Bradley fi hàn pé inú ìwé nìkan ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Wọ́n fi wáyà so ibì kan pọ̀ lára mágínẹ́tò tó ń mú iná ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kẹrin. Kò sí èyí tó wà ní ìwọ̀n tó yẹ nínú àwọn pílọ́ọ̀gì tí wọ́n yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù kò mọ ètò ààbò tí wọ́n ní àwọn ń tẹ̀ lé. Nígbà tó di oṣù kẹta 2020, FAA gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni bàálù náà, Collings Foundation.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé awakọ̀ àgbà tó wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 75, òun kan náà ni olórí àwọn tó ń tún un ṣe. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde lónìí, awakọ̀ tó fẹ́ jáde ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Èèyàn kan náà ló ń bi ara rẹ̀ léèrè, tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Kò sí ilé iṣẹ́ bàálù elérò gidi tí ọ̀rọ̀ yóò rí báyìí fún. Àjọ NTSB tó ṣe ìwádìí ní 2021 sọ pé awakọ̀ kò ṣètò ọkọ̀ bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì dákú, pé wọ́n tètè ju táyà sílẹ̀ tí ìyẹn sì ń fà á sẹ́yìn. Wọ́n ní àtúnṣe tí kò tó dá kún un, àti pé FAA pàápàá kò ṣọ́ wọn dáadáa.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni? Rárá o. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, ọdún 2018, bàálù Ju 52 kan já lulẹ̀ lórí òkè ní Switzerland. Ọdún 1939 ni wọ́n kàn án, àwọn ọmọ ogun òfurufú ibẹ̀ sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ti ilé iṣẹ́ Ju-Air tó ń fi í gbé èrò. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó yè. Ìwádìí sọ pé àwọn awakọ̀ fò wálẹ̀ jù láàárín òkè. Ó tún sọ pé àjọ tó yẹ kó bẹ ilé iṣẹ́ náà wò kò rí àṣìṣe tó ti wà ńlẹ̀ tipẹ́. Orílẹ̀-èdè méjì, bàálù méjì, ẹ̀sùn kan náà.

Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Kí èrò tó wọ Spitfire, wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ọkọ̀ yìí kò dé ìwọ̀n ààbò bàálù elérò, yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbọ́, òun gbà. Ó dára kí wọ́n sọ òtítọ́ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n kí ni oníbàárà mọ̀ nípa mágínẹ́tò? Ó lè fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ ti gbó, kò lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má yẹ pílọ́ọ̀gì wò. Ewu ọjọ́ orí yàtọ̀ sí ewu àìbìkítà. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo ń rẹ́ èrò jẹ ni.

Àwọn tó ni bàálù máa ń sọ pé bí àyẹ̀wò bá le jù, owó yóò tán, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ni àwọn ọkọ̀ yìí yóò kángun sí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, àtúnṣe bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré. Àmọ́ àwọn kan wà tó ti ṣe é láì dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ EAA ní B-17 tiwọn tó ń jẹ́ Aluminum Overcast, wọ́n sì máa ń gba owó lọ́wọ́ èrò nígbà náà bíi ti àwọn yòókù. Ní 2021 wọ́n rí àléébù níbi tí apá rẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀. Fúnra wọn ni wọ́n dá a dúró, tí wọ́n sì pàdánù owó ìjókòó tí wọn ì bá tà. Ó di 2023 kí FAA tó pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ní B-17 yẹ apá tiwọn wò.