Kálípà Àtijọ́ Kò Burú, Ìkánjú Ló Burú

 Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Calgary ló ń wa mọ́tò tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ti bíréèkì: bí kálípà bá há, ṣé tuntun ni ká rà, àbí ká tú ti àtijọ́, ká fọ̀ ọ́, ká dá a padà? Èrò tiwa ni pé ó dára ká dá a padà bí ó bá ṣì lágbára. Ohun tí a kò fara mọ́ ni ká máa wá ẹni tó máa fi ìkánjú ṣe é ní owó pọ́ọ́kú nínú yìnyín iwájú ilé.

Kálípà ni ọwọ́ tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì kí táyà lè dúró. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù máa ń jẹ́ kí píìnì tí kálípà fi ń rìn síwá sẹ́yìn dógùn-ún. Bí píìnì bá há, páàdì kan á jẹ tán nígbà tí èkejì rẹ̀ ṣì nípọn, mọ́tò á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà á sì máa gbóná. Ìjọba Alberta kì í pe mọ́tò ara ẹni fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Bí àwa fúnra wa kò bá wò ó, orí Deerfoot Trail ni a ti lè mọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tó wà nínú ìdápadà yìí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á gbé mọ́tò lé ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Kò ní jẹ́ kí kálípà rọ̀ sórí họ́ọ̀sì. Á so ó kọ́. Á fọ píìnì, á fi gírísì bíréèkì pa á. Á rọra ti písítìnì padà, torí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí rọ́bà písítìnì bá ti ya, tàbí tí písítìnì kọ̀ láti padà, ẹ̀pà ò bóró mọ́: ẹ ra òmíràn. Bí ó bá tú họ́ọ̀sì, wáṣà bàbà tuntun ni yóò lò, yóò sì lé afẹ́fẹ́ jáde. Kálípà ọ̀tún kò gbọdọ̀ lọ sí òsì: ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde gbọdọ̀ wà lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bíréèkì á máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi tìmùtìmù. Sípánà tó ń ka ìwọ̀n ni yóò fi de bóòtù, kì í ṣe agbára apá. Kí mọ́tò tó yí, á tẹ bíréèkì títí yóò fi le.

Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí kò lè gba owó pọ́ọ́kú. Nínú owó tí ẹ kò fi ra kálípà tuntun, ẹ yọ díẹ̀ san iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ má sì bẹ̀rù ilé iṣẹ́ tó níwèé. AMVIC ló ń fún àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní Alberta ní láísẹ́ńsì. Bí ẹ bá gba ìwé iye owó lọ́wọ́ wọn, wọn kò gbọdọ̀ fi ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí $100, èyí tó bá kéré, lé e láìgba àṣẹ yín. Ẹ lè ní kí wọ́n kó ẹ̀yà tí wọ́n yọ fún yín. Láti 2018, òfin tún ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn iṣẹ́ wọn àti ẹ̀yà tuntun fún ọjọ́ 90 tàbí kìlómítà 5,000. Ta ni ẹ ó bá wíjọ́ bí oníṣẹ́ iwájú ilé kò bá gbé fóònù mọ́?

Ọ̀rọ̀ wa tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ wa tó kọ́ṣẹ́ ní Mushin tàbí Ìbàdàn. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n níbí, ẹni tó níwèé ẹ̀rí tàbí ọmọ iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló lè ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì gbowó. Ètò Trades Qualifier wà fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó lè ṣe ìdánwò láìbẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé náà, kí àwa náà gbé mọ́tò wa lọ sọ́dọ̀ wọn, ká sì san owó tó yẹ, kí owó wa máa yí láàárín wa, kí bíréèkì wa sì máa mú.