Ọ̀bọ Kò Bí Ẹnikẹ́ni

Nínú gbogbo gbólóhùn tí wọ́n fi ń pa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lẹ́nu mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tí ó dùn lẹ́nu ènìyàn tó “òyìnbó ní ọ̀bọ ló di ènìyàn”. Oníwàásù ń sọ ọ́ kí ìjọ lè rẹ́rìn-ín, olùkọ́ bàọ́lọ́jì ń sọ ọ́ kí ó tó ṣí ìwé kí òbí kankan má baà pè é ní kèfèrí, àwọn aláròkọ inú ìwé ìròyìn sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn án. Àléébù kan ṣoṣo tí ó wà lára gbólóhùn náà ni pé kò sí onímọ̀ tí ó sọ ọ́. Charles Darwin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí orírun àwọn ẹ̀dá jáde ní 1859, kò sọ pé ọ̀bọ inú igbó bí ènìyàn. Ohun tí òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e sọ ni pé ọ̀bọ àti ènìyàn ní babańlá kan náà láyé àtijọ́, àti pé babańlá ọ̀hún kì í ṣe ọ̀bọ òde òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ènìyàn. Ẹbí ni ọ̀bọ, kì í ṣe bàbá.

Kò sí ìdí tí èyí fi gbọ́dọ̀ le lójú ará Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Ìdànrè jọ ti Oǹdó, ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìkálẹ̀, ó yàtọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ti Ọ̀yọ́, bí ènìyàn bá sì kọjá odò Ọya dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgalà, omi ṣì ń jẹ́ omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ti di ọma, orí sì ti di oji. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbà pé láti inú èdè kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́ lónìí, ni Yorùbá, Ìgalà àti Ìtsẹkírì ti yà. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ìyá kan fi èdè àtijọ́ náà pe ọmọ rẹ̀ tí ọmọ fi èdè Ìgalà dá a lóhùn. Ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́ ohun tí òbí ń sọ, ó yí i padà díẹ̀ láìmọ̀, títí tí àwọn tí wọ́n ti jìnnà síra wọn kò fi gbọ́ra wọn yé mọ́. Ìgalà kò bí Ìdànrè, Ìdànrè kò bí Ìgalà. Ẹbí ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ń béèrè pé, bí ọ̀bọ bá jẹ́ ìbátan ènìyàn, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì fi wà nínú igbó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí Ìgalà ṣì fi wà ní Ìdá. (Ọ̀bọ ọ̀hún kò tilẹ̀ pọ̀ mọ́: àwọn tí wọ́n ń ṣán igbó ọba láti gbin kòkó ń bá oníwàásù wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà díẹ̀díẹ̀.)

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí lẹ́nu ni jíìnì ṣe ń yí lára. Jíìnì ni ìlànà tí òbí fi ń lé ọmọ lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá tíntìntín tí a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí; inú èròjà gbọọrọ bí okùn tí à ń pè ní DNA ni ìlànà náà wà, lẹ́tà mẹ́rin péré sì ni a fi kọ ọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dà á kọ, ó máa ń ṣì í kọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú àṣìkọ wọ̀nyí kì í ṣe nǹkan kan, àwọn mìíràn a máa pani lára, ìwọ̀nba díẹ̀ a sì máa ran ẹni tí ó ní in lọ́wọ́ láti pẹ́ láyé, kí ó bímọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí àwọn ọmọ náà sì jogún rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n: àyípadà tí ń dé bá ẹ̀dá láti ìran dé ìran, kì í ṣe pé ẹranko kan sùn lálẹ́ tí ó jí lówùúrọ̀ ní ènìyàn.

Àṣìkọ kan wà tí kò sí ìdílé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú jíìnì tí ó ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, òun ló sì ya S sọ́tọ̀ kúrò lára A. Ẹni tí ó gba S lọ́dọ̀ bàbá, tí ó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń mú, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, a sì máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìpalára nìkan ni S ń ṣe, ì bá ti tán nílẹ̀ tipẹ́; síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní AS, ìyẹn A láti ọ̀dọ̀ òbí kan, S láti ọ̀dọ̀ èkejì. Ohun tí ó gbé e dúró ni ibà. Ní 1954, Anthony Allison, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, fi hàn pé ibà tí ń pani kì í rí ọmọ AS mú bí ó ṣe ń rí ọmọ AA mú. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ibà ń dín AA kù, fòníkú-fọ̀ladìde ń dín SS kù, AS ló sì ń ṣẹ́kù jù láti bímọ. Ẹfolúṣọ̀n nìyẹn, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ará Yorùbá ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ibí yìí ló yẹ kí ìjọ ti rẹ́rìn-ín. Ilé ìjọsìn tí ó fi Darwin ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kan náà ni kò ní so tọkọtaya pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé àfi bí wọ́n bá mú ìwé jẹnotáìpù wá, nígbà mìíràn láti ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ìgbàgbọ́ lè ṣí òkè nídìí ṣùgbọ́n kò lè sọ S di A. Wọ́n gba jíìnì gbọ́, wọ́n gbà pé ọmọ ń jogún rẹ̀, wọ́n ń ka ìdá mẹ́rin lórí ìka, pé bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni SS. Ibi tí S gbà wọlé nìkan ni wọn kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣi ìdá mẹ́rin náà kà, bí ẹni pé bí AS méjì bá fẹ́ra tí wọ́n sì ti bí SS kan, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún owó ẹyọ dà sílẹ̀.

Wọ́n á ní tíọ́rì lásán ni ẹfolúṣọ̀n. Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, àbá ni, ìyẹn ohun tí ẹnì kan sọ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tíọ́rì ni àlàyé tí ó ti la àyẹ̀wò kọjá láìmọye ìgbà, bí èyí tí ó sọ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń fa àrùn. Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni kò fojú rí i. Àwọn tí wọ́n lo chloroquine títí tí ara fi yún wọn, tí ibà kò sì lọ mọ́, fojú rí i: oògùn náà pa kòkòrò ibà tí ó lè pa, èyí tí kò lè pa ló bímọ, títí tí Nàìjíríà fi pa oògùn náà tì ní 2005 tí ó sì gba òmíràn. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló dá ènìyàn. Tíọ́rì náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tí ó dá a. Bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà ló ń sọ. Ẹbí ni ọ̀bọ, kì í ṣe bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò yẹ kó jẹ́ ti oníwàásù nìkan, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí jíìnì jẹ́ ní èdè tí ó fi ń ronú ni gbólóhùn ẹlẹ́yà máa ń rí mú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ètò 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì di ẹ̀bi ìkùnà nínú WAEC àti NECO, ìdánwò àṣejáde girama, ru èdè abínibí. Ìṣirò yìí ga ju ti ìdá mẹ́rin lọ: ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 2022 kò tíì jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025, síbẹ̀ òun ló fìdí rẹmi nínú WAEC. Ìdánwò gidi ti wáyé nílẹ̀ yìí rí, láti 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St Stephen’s ní Mọdákẹ́kẹ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì ọmọ ènìyàn, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, ẹ̀jẹ̀ 90 Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Jíìnì Yorùbá ti wọ kọ̀ǹpútà gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣàlàyé jíìnì ni ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì ọmọ Yorùbá.

Kì í ṣe pé ẹ̀rí ẹfolúṣọ̀n wọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní Ìhò Eléérú lẹ́bàá Ìsárun, Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ wú egungun ènìyàn kan ní 1965 tí ó ti lé ní 11,000 ọdún, tí agbárí rẹ̀ sì rí bí ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbé ayé ṣáájú ìgbà náà gan-an. Ní Ìdànrè fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé, tí Arne Schiøtz, ará Denmark, ṣàpèjúwe ní 1963, tí ó sì fi orúkọ òyìnbó mìíràn, Perret, sọ ọ́. Ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i mọ́ kí ìròyìn tó jáde ní 2014 pé ó ṣì wà. Légbénlègbé, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀, inú adágún ló sábà máa ń lúwẹ̀ẹ́. Ti Ìdànrè yìí ara òkúta ló ń lẹ̀ mọ́, nínú omi tí ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òógùn, nítorí pé láti ìran dé ìran, èyí tí ara rẹ̀ gba irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ ló ń yè láti bímọ. Òun àti ọ̀pọ̀lọ́ ìsàlẹ̀ òkè, ẹbí ni wọ́n.

Bí ìdánwò bàọ́lọ́jì bá dé, ọmọ kíláàsì SS3 ní Òde-Ìdànrè yóò kọ nípa àwọn ẹyẹ erékùṣù Galapagos tí Darwin dé ní 1835, bí àgógó wọn ṣe yàtọ̀ láti erékùṣù kan sí èkejì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó há sórí. Òkúta sì nìyẹn lójú fèrèsé, omi òjò àná ṣì ń ṣàn lára rẹ̀.